Ìmọ̀ràn fún Ọmọ tó Fẹ́ Wọkọ̀ Òru Lọ sí Abidjan

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti sanwó ọkọ̀. Láti Èjìgbò wa níbí, ọkọ̀ ńlá ń gbéra lọ tààrà sí Abidjan bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń rin ọ̀nà náà. Ọmọ tí kò tíì kọjá Òṣogbo rí ń gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó bá wálé ọdún. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yín múra sílẹ̀ fún ìrìn náà. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ìrìn náà kàn: Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire. Bodè mẹ́rin ló wà láàárín wọn, láti Èkó nìkan dé Abidjan sì lé ní 1,000 kìlómítà.

Jíjìn rẹ̀ kọ́ ló ń fìyà jẹ èèyàn jù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ kọ̀ndọ́, tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí kò sì mọ ìlú tí òun dé àfi kó bi ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni mo máa ń rí tó ń sunkún ní bodè. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò kọjá bí nǹkan mẹ́ta yẹn yóò ṣe wà lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ.

1. Wá páásípọ́ọ̀tù kí o tó wá báàgì.

Òótọ́ ni pé a kì í gba físà láti lọ sí Abidjan. Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Nígbà tó di 1979, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ọ mọ. Wọn kò gbọ́ apá kejì, pé ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Yẹ ọjọ́ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ wò lónìí, má dúró di ọjọ́ ìrìn. Ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méjì, fi ọ̀kan sínú báàgì, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Ní bodè kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n ń lù fún ọ: ti ìlú tí o ń jáde àti ti ìlú tí o ń wọ̀. Ṣí ìwé náà wò kí o tó kúrò lójú fèrèsé, kí o rí i pé ọjọ́ inú òǹtẹ̀ náà hàn ketekete. Ọjọ́ tí wọ́n bá lù ọ́ wọ Côte d'Ivoire ni wọn yóò ti máa ka 90 ọjọ́ rẹ. Bí o bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àdéhùn náà ní kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé a ti pọ̀ jù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Bí wọ́n ṣe ń sọ ní Ghana náà nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti àwa náà mọ ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí wọn kò rí gbà mọ́, ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi tó wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé bàbá rẹ̀.

2. Gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú.

Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára rẹ kí wọ́n tó kà á sí, nítorí náà má dúró di ọ̀sẹ̀ tí o ń lọ. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn; bí o bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, wá káàdì rẹ jáde. Èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì fún ẹni tí abẹ́rẹ́ kò kan ara rẹ̀, má rà á. Ẹ̀fọn kì í bèèrè káàdì.

3. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tọ́jú páásípọ́ọ̀tù.

Nígbà tí bodè bá kù díẹ̀, kọ̀ndọ́ lè dìde kó ní kí gbogbo èrò kó ìwé jọ fún òun, òun yóò bá wọn sáré ṣe é. Ó máa ń yá lóòótọ́, n kò ní kí o máa bá a jà. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un, bá a sọ̀ kalẹ̀. Dúró síbi tí ojú rẹ ti tó o, gba ìwé rẹ padà, wo òǹtẹ̀ rẹ, kí o tó tún gun ọkọ̀. Ẹni tó ní oorun ń kun òun, tó jókòó pa sórí síìtì, ni ìwé rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ti ẹni tó ń múni lọ ló wá burú jù. Bí ẹnìkan bá bá ọ wáṣẹ́ sí Abidjan, tó sanwó ọkọ̀ rẹ, tó wá ní kí páásípọ́ọ̀tù rẹ wà lọ́wọ́ òun kó má baà sọnù, ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ni mò ń bá wí jù níhìn-ín. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ àti iṣẹ́ irun dídì ni wọ́n fi ń tan yín. Wọ́n gbé àwọn mìíràn kọjá Abidjan lọ sí Mali, wọ́n wá ní kí wọ́n fi ara wọn san gbèsè tí wọn kò jẹ. Láti 2003 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ nítorí irú òwò burúkú bẹ́ẹ̀, tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Kí o tó gbà láti lọ, béèrè àdúgbò tí iṣẹ́ náà wà, béèrè nọ́ńbà ẹlòmíràn tó ń ṣe é níbẹ̀, kí o sì pè é níṣojú àwọn òbí rẹ. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi fún ọ kò ní torí ìbéèrè bínú.

4. Kí àwọn aṣọ́bodè kí o tó na ìwé sí wọn.

Ní Benin, Togo àti Côte d'Ivoire, "bonjour" nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, "bonsoir" nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bọ́ fìlà, bọ́ gíláàsì dúdú, yọ nǹkan etí kúrò létí. Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí o ń lọ, dárúkọ àdúgbò àti ẹni tí o ń lọ bá. "Mò ń lọ Abidjan" lásán kì í tó wọn.

Ní ti owó tí wọn yóò ní kí o mú wá, n kò ní parọ́ fún ọ. Òǹtẹ̀ kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n àwọn kan yóò bèèrè, ọ̀pọ̀ èrò yóò sì san án kí ọkọ̀ má baà fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè rọra béèrè rìsíìtì, kó sì dúró jẹ́ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn yóò ju ìwé rẹ̀ sí i, wọn yóò pe ẹni tó kàn. Ẹni tí kò ní ìwé, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Má pariwo, má sì yọ fóònù láti ya ẹnikẹ́ni ní bodè.

5. Ọ̀rọ̀ owó pọ̀ díẹ̀, fara balẹ̀.

Owó méjì ni wàá ná lẹ́yìn náírà. Benin, Togo àti Côte d'Ivoire ń ná sẹ́fà kan náà, nítorí náà èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́ ní Cotonou yóò wúlò fún ọ ní Abidjan. Ghana tó wà láàárín ń ná sídì. Díẹ̀ ni kí o ṣẹ́ sí sídì, tó máa tó omi, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí tí o bá kọjá Elubo, bodè Ghana àti Côte d'Ivoire, ó di wàhálà láti tún un ṣẹ́ padà. Mọ̀ pẹ̀lú pé sẹ́fà ti Cameroon àti Gabon kì í ṣe ti ọ̀nà wa. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ ní àdúgbò Treichville ní Abidjan. Wo ojú owó náà dáadáa bí wọ́n bá ń kà á fún ọ.

Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀, bodè Nàìjíríà àti Benin, yóò ti rọ̀gbà yí ọkọ̀ ká kí ó tó dúró. Ti bèèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ láti ilé, kí o sì fi fóònù rẹ ṣírò ohun tó yẹ kó kàn ọ́. Má lo kálúkúlétọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ń ka owó kíákíá, yóò ká àwọn kan sí méjì láàárín ìka kí ẹyọ kan lè jẹ́ méjì lójú rẹ. Gbà á, tẹ́ ẹ, kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀ kí náírà rẹ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá tún gbà á padà, pé ó dà bíi pé òun fi kún un, nígbà tó bá dá a padà, bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí. Bí ó bá bínú, òun ni kó máa bínú. Kọ owó tó ya. Àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé kì í gbà á. Gba wẹ́wẹ́ àti owó onírin díẹ̀ mọ́ ọn.

Pín owó náà sọ́nà mẹ́ta. Èyí tí o máa ná lójú ọ̀nà wà lápò òde. Èyí tó pọ̀ wà nínú àpò tí àwọn ìyá lọ́jà ń so mọ́ ìdí, lábẹ́ aṣọ, má sì ṣí i níṣojú èrò. Èyí tó máa gbé ọ padà wálé bí nǹkan bá dàrú, rán an mọ́ inú aṣọ, kí o gbàgbé ẹ̀.

6. Mọ ibi tí oorun wà lójú ọ̀nà.

Àwọn ọmọdé máa ń sùn láti Èkó, á wá rẹ̀ wọ́n nígbà tí ó yẹ kí ojú wọn dá. Láti Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Cotonou kò jìnnà. Ẹ ó gba Ouidah àti Grand-Popo kọjá, ẹ ó sì bọ́ sí Hilla-Condji, bodè Benin àti Togo. Etíkun Togo látòkèdélẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Bí o bá ṣe ń gbé orí lé ìrọ̀rí báyìí ni wàá rí iná Lomé, Lomé sì fara ti bodè Ghana débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ìgboro lọ sí Aflao. Wọn yóò jí ọ níbí, wọn yóò tún jí ọ lọ́hùn-ún. Láti Aflao lọ dé Elubo ló wá lé ní 500 kìlómítà, láìsí bodè kankan láàárín. Ibẹ̀ ni oorun wà. Sùn dáadáa ní Ghana, nítorí lẹ́yìn Noé tó wà ní òdìkejì bodè Elubo, láti Aboisso dé Bassam, àwọn jàǹdáámù lè dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tún yẹ ìwé wò.

Bodè mìíràn ń ti géètì lóru. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ dé yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí náà má sọ wákàtí tí wàá dé fún ẹnikẹ́ni ní Abidjan. Ọjọ́ ni kí o sọ.

Ti aago tún wà níbẹ̀. Aago Benin bá tiwa mu. Bí o bá ti wọ Togo, ó dẹ̀yìn wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Fóònù kan ń yí i fúnra rẹ̀, òmíràn kì í yí i. Ní àlọ, ìyàtọ̀ yẹn kàn ń mú ọ dúró de ọkọ̀ ni. Àbọ̀ ni ọkọ̀ fi ń gbéra lẹ́yìn èèyàn, nítorí aago Togo ni ó ṣì ń wò nígbà tí dẹ́rẹ́bà ti ń lo ti Benin.

7. Wo dẹ́rẹ́bà kí o tó wo ọkọ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń polówó. Ìwọ bèèrè bóyá dẹ́rẹ́bà méjì ni yóò máa gbà á fún ara wọn. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè wa ọkọ̀ láti alẹ́ mọ́jú, kó tún wà á di alẹ́ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín nítorí ìbéèrè yẹn, gba owó rẹ, wá ọkọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá yan ìjókòó: má jókòó lé táyà lórí, má sì bá ilẹ̀kùn ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe aládùúgbò. Bí àwọn ìyá oníṣòwò bá wà nínú ọkọ̀, kí wọn dáadáa, kí o sì jókòó sí ìtòsí wọn. Kò sí kọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọn kò mọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra nígbà tí èrò kò bá pé.

8. Òtútù ń bẹ nínú ọkọ̀ náà.

Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì péńpé nítorí oòrùn ọ̀sán yóò máa gbọ̀n ní òru. Mú ìbora tàbí aṣọ òfì kan, ìbọ̀sẹ̀, àti bàtà tí kò fún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú. Àwọn dókítà sọ pé jíjókòó pẹ́ láìdìde lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, sọ̀ kalẹ̀, rìn díẹ̀. Láàárín ìyẹn, máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ lórí ìjókòó. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó wọkọ̀.

9. Oúnjẹ.

Mú ohun gbígbẹ: ẹ̀kúrù kọ́, ọbẹ̀ kọ́. Búrẹ́dì, ẹ̀pà, ẹyin sísè, ìpékeré, gàrí àti ṣúgà. Ní orí afárá odò Volta ní Sogakope, bí ọkọ̀ bá rọra, àwọn ọlọ́jà yóò gbé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní abọ́ọ̀lò àti ẹja kéékèèké díndín wá sójú fèrèsé, edé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò lè ní kí o má rà á, èmi náà ń rà á. Èyí tó bá ṣì gbóná ni kí o rà. Má jẹ nǹkan tí ẹni tí o kò mọ̀ bá bù fún ọ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ bisikíìtì. Mu omi díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé kí o fi òùngbẹ pa ara rẹ nítorí ìtọ̀.

10. Nítorí ìtọ̀ náà: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú rẹ̀ pa, wọ́n fi ẹrù dí i. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, lọ tọ̀, bó ṣe ọ́ bí kò ṣe ọ́. Tọ́jú bébà ìnùdí, ọṣẹ àti owó wẹ́wẹ́ sápò. Sọ fún ará ẹ̀gbẹ́ rẹ kí o tó sọ̀ kalẹ̀.

11. Kò sí ẹrù ẹlòmíràn nínú ẹrù rẹ.

Wọn yóò wá bá ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyá kan yóò ní kí o bá òun mú ẹ̀gúsí dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun, ẹlòmíràn yóò gbé bàtà wá. Ojú ń tini láti kọ̀ ọ́ fún àgbà, mo mọ̀. Sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ ká tú u wò pa pọ̀." Ẹ̀gúsí tí wọn kò fẹ́ kí o tú, fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá ṣí báàgì rẹ, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni wọn yóò pè, ìyá ẹlẹ́gùúsí kò sí nítòsí. Oògùn tí ìwọ fúnra rẹ ń lò, jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹni tí wọ́n bá bá tramadol lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé yóò pẹ́ níbẹ̀. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ sára báàgì tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, gba nọ́ńbà ẹrù lọ́wọ́ kọ̀ndọ́, kí o sì máa wo ibẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí i.

12. Fóònù.

Kọ nọ́ńbà ilé àti ti Abidjan sínú bébà, nítorí fóònù lè kú. Côte d'Ivoire ni +225, Ghana +233, Togo +228, Benin +229. Nọ́ńbà tí bàbá rẹ kọ sínú ìwé rẹ̀ láyé ọjọ́un lè má lọ mọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nọ́ńbà Côte d'Ivoire ti di ẹyọ mẹ́wàá, Benin náà sì fi 01 síwájú tiwọn ní ìparí oṣù Kọkànlá 2024. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, wá tuntun kí o tó kúrò nílé. Ihò iná Ghana dà bí tiwa, oní ìka mẹ́ta. Ní ibi yòókù, ìka méjì roboto ni. Mú páwà báǹkì tó kún.

13. Nígbà tí o bá dé.

Bí ọkọ̀ bá wọ Abidjan lóru, má jáde kúrò ní gáréèjì. Jókòó sí ibi tí iná wà pẹ̀lú àwọn èrò yòókù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí o pe ẹni tó ń bọ̀ wá mú ọ, kí o sì jẹ́ kó júwe ara rẹ̀ fún ọ kí o tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá lè wá, táàsì aláwọ̀ ọsàn ni kí o wọ̀. Mítà wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní wóró-wóró ń kó èrò pọ̀ ni, gbàkà sì jẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré. Méjèèjì dára lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe lọ́jọ́ tí o gbé ẹrù. Ní kí awakọ̀ tan mítà, tàbí kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye kan kó tó gbé báàgì rẹ sínú búùtù.